Òpin Sinimá Ni Mo Kọ́kọ́ Rí

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òtútù. Gbogbo ẹni tó lọ ṣáájú mi ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi, débi pé nígbà tí mo pàdé rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn pàdé àna tó le: kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n a ti ń retí rẹ̀. Ìkíni ló yà mí lẹ́nu. Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì tí mo ti wá, bí o bá kọjá lára àgbà láìkí i, ẹjọ́ rẹ yóò ti dé ilé ṣáájú rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bá èèyàn mẹ́sàn-án ní ibùdókọ̀, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi kan ẹni kẹfà, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ti sún sẹ́yìn. Obìnrin kan gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

Bẹ́ẹ̀ èmi yìí gboyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìdó-Èkìtì bí a ṣe ń kí Òyìnbó.

Bàbá mi ló wá iṣẹ́ tíṣà yẹn fún mi. Hẹ́dìmásítà ni òun náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ti na ẹnì kan rí. Àárọ̀ tí mo sọ fún un pé mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kò gbójú sókè.

"Gbogbo ìwé tí mo rà fún ọ," ó ní, "o fẹ́ lọ fi gbálẹ̀ fún Òyìnbó."

"Bàbá, ẹ ó gbọ́ orúkọ mi," ni mo fi dá a lóhùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Ó ṣí ojú ìwé kejì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún kan àti oṣù méje gbáko.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dé ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi di agbálẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe wòlíì. Ó kàn máa ń máàkì ìwé ni, kì í sì í ṣì í.

*

Ilé sinimá ni mo ti ń gbálẹ̀. Yàrá ìwòran mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá kù díẹ̀ kó parí, èmi àti Kofí, ará Gánà kan, á yọ́ wọlé, a ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àpò ìdọ̀tí dúdú. Bí iná bá ti tàn, tí àwọn èèyàn dìde, a ó ya bo gúgúrú tí wọ́n dà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa kí àwọn mìíràn tó wọlé.

Nítorí náà, òpin fíìmù nìkan ni mo ń rí. Mo rí ìgbéyàwó láìmọ bí wọ́n ṣe pàdé. Mo rí ìdájọ́ láìrí ẹ̀ṣẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mi ò sì mọ ohun tó ṣe.

Ọdún kẹfà Kofí rèé níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jókòó wo fíìmù kankan tán rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n á dìde, wọ́n á fi gúgúrú sílẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń pàdé nínú gbọ̀ngán kan lẹ́yìn ìsìn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè tuntun. Ẹni tó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní òun wà ní ẹ̀ka ìlera. Ẹni tó ń ru páálí ní òun ń bójú tó ìrìnnà ẹrù. Ẹnì kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ní òun wà nínú ọ̀rọ̀ ààbò, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ààfin ọba ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. Mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, mo ní, "Ẹnu iṣẹ́ fíìmù ni mo wà."

Ohun tí mo sọ fún Màámi náà nìyẹn. Ó kúrò lẹ́nu Màámi, ó dé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọjà. Kí oṣù tó parí, mo ti di ẹni tó ń ṣe fíìmù. Àbúrò bàbá mi kan ránṣẹ́ láti Àsin pé ọmọ òun mọ ìjà jà dáadáa, bí àyè bá wà.

*

Mo ti lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀ kí fíìmù akọni kan tó dé. Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ àkàsọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé ṣe ni, ẹni tó lágbára láti dá ohunkóhun tó bá ń já bọ̀ dúró kó tó kanlẹ̀. Ó máa ń fi aṣọ bojú kí wọ́n má dá a mọ̀. Èmi ò kúkú mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn ni mo mọ̀.

Afárá kan ń já. Ìyá arúgbó kan wà nínú bọ́ọ̀sì lórí rẹ̀. Akọni wà nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ kan sókè. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Kò sí orin, kò sí ariwo. Mo ka eéjì, ẹẹ́ta, títí dé eéjìlá, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan gúgúrú. Afárá náà dúró. Akọni gun òkè lọ, ó ṣí aṣọ ojú rẹ̀ fún ìyá náà nìkan. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O pẹ́ dé." Ó tán.

Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì máa nu ojú. Ó tó ogójì ìgbà tí mo wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ìgbálẹ̀ mi kò sì lè mira títí ìyá yẹn yóò fi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ti ra fóònù fún Màámi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkọ̀lé ni, kì í wọ inú ilé wa. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń dúró dáadáa, igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá mi. Bàbá mi kò sì ní torí fóònù dìde lórí àga tó ti jókòó sí fún ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi, nítorí Màámi gbà pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jìnnà, ó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń ṣí ohùn fóònù sókè pátápátá.

"Ọmọ mi! Uṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ní kí o ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mo gbọ́ tí ìwé ìròyìn ń dún. Ẹ̀rù bà mí. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fíìmù tó wà lọ́wọ́ wa báyìí fún yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí n kò rí. Kí ni ǹ bá ṣe? Kò sí ẹni tó ń ti ìparí ìtàn wọ inú ìtàn. Mo ní ìlú kékeré kan wà tó ní òkè yí ká. Mo ní bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ọmọ rẹ̀ kúrò nílé láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, bàbá náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ ń jáde lọ, bàbá dákẹ́, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì di ìwé náà mú ní ìdoríkodò láìmọ̀. Ó kàn ń yọ jáde lẹ́nu mi ni, mi ò mọ ibi tí mo ti ń rí i.

Mo gbọ́ ikọ́ kan. Màámi yí ẹnu kúrò lára fóònù díẹ̀, ó padà, ó ní, "Ẹnì kan ní kí n bi ọ́ léèrè."

"Ta ni, Màámi?"

"Ẹnì kan ni mo wí! Ó ní kí lọ́mọ náà wí fún bàbá rẹ̀ kó tó jáde."

Kí n tó dáhùn, obìnrin inú káàdì tí mo fi ń pe ilé wọlé pẹ̀lú ohùn dídùn rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú kan ló kù. Mo ní kí wọ́n dúró di Sátidé tó ń bọ̀.

Ní Sátidé, Màámi kò tíì kí mi tán tí ẹnì kan fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn hẹ́dìmásítà ló dún: "Ẹ̀n-ẹ́n. Máa bá a lọ."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, Kofí bi mí bóyá mo ti rí ìwé ìgbélùú gbà ni, nítorí pé mo ń bá ìgbálẹ̀ jó.

*

Ọdún méjì ni a fi jẹ ìtàn yẹn. Bàbá mi á béèrè ìwọ̀n afárá. Á béèrè ẹni tó kọ́ ọ, tó fi ń já. Á ní kí n tún ibi tí gbogbo nǹkan ti pa lọ́lọ́ sọ, èmi náà á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjìlá pẹ̀lú káàdì tó ń jó lọ. Bí mo bá sọ pé "O pẹ́ dé," á rẹ́rìn-ín kúkurú, á gbé fóònù fún Màámi. Kò béèrè bí ara mi ṣe rí rí. Èmi náà kò béèrè orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, Màámi ni mo ń bi. Ìtàn akọni yẹn dà bí ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ti ń dúró. Bí a bá sún kúrò níbẹ̀, a ò ní gbọ́ ara wa mọ́.

Mo máa ń ronú sí i nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀ bá fíìmù lójú ọ̀nà ni. Wọ́n ti ń ṣe é kó tó wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò mọ̀, wọ́n ń bínú sí ẹni tí kò rí. Òun á dúró lẹ́yìn, á máa fọgbọ́n fa ìbẹ̀rẹ̀ yọ láti inú ìparí. Àwọn ará ilé pẹ̀lú kò rí ju ohun tí a bá gé fún wọn. Wọ́n rí fọ́tò tí mo yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò olówó ńlá. Wọn ò rí i pé ẹni tó ni mọ́tò ń bọ̀, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ṣàròyé. Mo ti mọ ìlú náà. Mo ti mọ ẹran tí kò ṣeé jẹ àti ẹni tí kò ṣeé kí. Ìyá arúgbó Òyìnbó kan máa ń wá wo fíìmù ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń kí i láìgba èsì. Lọ́jọ́ kan, mi ò rí i nítorí pé mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga, ó dúró, ó sì kí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú gúgúrú.

Ọdún yẹn náà ni fíìmù akọni jáde lórí díìsìkì. Mo yá a, mo jókòó, mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Akọni náà kò ní bàbá. Bàbá rẹ̀ ti kú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìkan ló wà lára ògiri. Èmi ni mo ti jí òkú, tí mo fi iṣẹ́ tíṣà lé e lọ́wọ́, tí mo sì gbé e lọ sí Èkìtì. Mo pa díìsìkì dé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

*

Nígbà tí wọ́n lẹ àwòrán apá kejì mọ́ ògiri ilé sinimá wa, èmi ni mo kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀.

Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí n kò ní fi ìgbálẹ̀ wò ó. Mo gba ìsinmi ọjọ́ kan, mo wọ kóòtù, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bí ọmọ èèyàn, mo jókòó ní àárín gbùngbùn. Kofí rí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún mi bí ẹni ń kí ìjòyè.

Ẹ̀yin ará mi, fíìmù náà burú. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọ ohun tó dùn nínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù ni. Wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n yin ọbẹ̀ rẹ̀ nítorí irú, tó wá fi irú se ọbẹ̀ láìfi ẹ̀fọ́ sí i. Afárá kan já ní ti àkọ́kọ́, afárá mẹ́rin ló já ní èyí, èyí tó kẹ́yìn sì já lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni akọni ṣí ojú tẹ́lẹ̀. Báyìí, ó ń ṣí i fún ọlọ́pàá, ó ń ṣí i fún ọ̀tá, ó ṣí i fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ ojú ìyá rẹ̀. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sùn lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ní ti "O pẹ́ dé," ọlọ́pàá sọ ọ́, ọ̀tá sọ ọ́, ìyá arúgbó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ajá inú fíìmù náà bá lẹ́nu ọ̀rọ̀, òun náà ì bá sọ ọ́. Akọni lọ sí ibojì bàbá rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó sì sunkún níbẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí iná tàn, mo gbàgbé ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa gúgúrú.

*

Ní Sátidé, ìpè kan péré ni Bàbá mi jẹ́ kó dún kó tó gbé fóònù. "Ẹ̀n-ẹ́n. Apá kejì."

Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mo bá sọ pé fíìmù náà burú, ọ̀rọ̀ wa tán nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́ nípa ibojì, nínú ìtàn tí mo ti sọ fún un, bàbá akọni kò kú. Mo ṣe ohun tí àwọn tó ṣe fíìmù náà ṣe. Mo kó gbogbo ohun tó ti dùn mọ́ ọn nínú ti àkọ́kọ́, mo sì ń tò ó lé ara wọn. Mo ní bàbá akọni dákẹ́. Mo ní ó tún dákẹ́. Mo ní ó di ìwé mú ní ìdoríkodò, mo ní ó di Bíbélì náà mú bẹ́ẹ̀. Mo ní ó sunkún, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó ní, "O pẹ́ dé."

"Dúró níbẹ̀," Bàbá mi ní.

Mo dúró.

"Bàbá yẹn kì í sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan ló dákẹ́ nínú apá kìíní, ó wúwo. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin báyìí. Ṣé odi ni?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Hùn." Mo gbọ́ tí ó sún àga rẹ̀. "Ọdún kan, wọn ò tíì bí ọ, alùfáà rìnrìn àjò, wọ́n ní kí n wàásù ìkórè. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mo dé orí ìyá mi tó kú lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo dákẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sunkún. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń yìn mí. Nígbà tí ìkórè míì dé, wọ́n ní kí n tún wàásù. Mo kọ ìwàásù náà sílẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí n ó ti dákẹ́. Ibi mẹ́ta."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Nígbà tí mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé omi wá fún mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ń fi àwo ọrẹ fẹ́ mi. Ìyá rẹ rò pé àrùn ni. Títí di òní ó rò pé àrùn ni."

Mo gbọ́ Màámi lẹ́yìn rẹ̀: "Kí ni mo rò? Kí lẹ ń bá a sọ?"

"Lọ wo ọbẹ̀ rẹ," Bàbá mi ní. Mo sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe kúkurú.

Lẹ́yìn náà, ó béèrè ohun tí kò béèrè rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. "Ìwọ gan-an, iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní irọ́ náà lẹ́nu. Ó ti dán, ó ti ṣe déédéé, ẹgbẹ́ àwọn ìyá pàápàá ti gbà á. Ṣùgbọ́n n kò lè tún un sọ.

"Bàbá, mo ń gbálẹ̀. Ilé sinimá ni mo ti ń gbálẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ta ló sọ fún yín?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi máàkì ìwé, ṣé n ò ní mọ ọmọ tó ka ìwé láti ẹ̀yìn? Ọdún méjì lo fi sọ òpin fíìmù yẹn fún mi, kò yẹ̀ rí, títí dé àwọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo bi ara mi pé, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe ní ilé sinimá tí èèyàn kì í fi í dé kó tó kù díẹ̀ kó parí?"

Obìnrin inú káàdì ní ìṣẹ́jú kan ló kù.

Bàbá mi kì í fi ohùn ilé bá wa sọ̀rọ̀. Èdè ìwé ló fi tọ́ wa, àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti ń sọ èdè Èkìtì. Lọ́jọ́ yẹn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ulẹ̀ ọ̀hún, ṣé ó ń mọ́?"

"Ó ń mọ́, sà."

"Ó dáa."

A sì dákẹ́, àwa méjèèjì, títí káàdì fi tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.